Ilẹ̀ Yàrá Ìyá Mi

Kòtò kan wà nínú yàrá ìyá mi ní Kambolé, lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, tí ó ti wà níbẹ̀ kí n tó mọ nǹkan kan. Ó fẹ̀ tó ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, a sì máa ń gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí rẹ̀ láìwo ilẹ̀, kódà nínú òkùnkùn. Àlejò nìkan ni a máa ń sọ fún pé kí ó rọra. Ní ìdájí ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, ìyá mi gbé omi wọlé. Bóyá ó gbàgbé kòtò náà, bóyá kò gbàgbé rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sáà wọ inú rẹ̀ ni. Ó ṣubú, eegun itan rẹ̀ sì kán.

Sokodé ni mo wà nígbà náà. Mo ń bá obìnrin kan tí ó ń ta kókó, ẹ̀kọ gbígbóná tí a ń mu, níwájú mọ́sálásí kan ní àdúgbò Komah ṣiṣẹ́. Èmi ni mo ń gbé àgbàdo lọ sí ẹ̀rọ, èmi ni mo ń sẹ́ ẹ, èmi ni mo sì ń fọ abọ́. Iṣẹ́ náà dára fún irú mi tí n kò lè sọ̀rọ̀ níwájú èèyàn, nítorí ọ̀gá mi ni ó ń bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀ ní èdè Tem, èmi a sì kọjú sí abọ́ mi. Nínú ọkọ̀ tí ó kó iṣu ni wọ́n gbé ìyá mi dé, wọ́n tẹ́ ẹ sórí àwọn àpò, ojú rẹ̀ kún fún eruku. Ọkùnrin kan wà ní Komah tí ó mọ eegun tò, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n gbé e lọ. Àbúrò ìyá mi wá jókòó tì í níbẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọkùnrin náà tú igi tí ó fi di ẹsẹ̀ ìyá mi, ó tẹ̀ ẹ́ níhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún, ó sì pè mí sí ìta.

Ó ní, “Eegun náà ń so. Yóò fi igi rìn. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi o, bí ó bá tún ṣubú lé ẹsẹ̀ yìí, ẹ má wulẹ̀ gbé e padà wá. N kò ní rí ohun tí n ó tò mọ́.”

N kò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Kòtò yẹn ni mo ń rí nínú abọ́ kókó, òun ni mo ń rí nínú gbogbo ohun tí ó bá ti ṣí ẹnu sókè. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo sọ fún ìyá mi pé n ó lọ sílé, n ó hú ilẹ̀ yàrá rẹ̀, n ó sì ṣe tuntun kí ó tó dé.

Ó wò mí. “Ìwọ?”

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà. Mo fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní kíláàsì kẹrin. Wọ́n fi mí sẹ́nu iṣẹ́ irun dídì, mo sá níbẹ̀ kí ọdún tó yí po, nítorí ọ̀gá ní kí n máa kí àwọn oníbàárà sókè kí wọ́n gbọ́. Ẹní kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn wa tí mo hun dé ìdajì, adìyẹ ni ó ń yé sórí rẹ̀.

Ìyá mi ní, “Bí o kò bá ní parí rẹ̀, má fọwọ́ kàn án. Kòtò tí mo mọ ibi tí ó wà sàn fún mi ju ilẹ̀ tí a hú tí a kò lù.”

“N ó parí rẹ̀, Ìyá.”

“Hùn,” ó ní, ó sì yíjú sí ògiri.

Ní ọ̀dọ̀ wa, ọkùnrin ló ń mọ ògiri, ọkùnrin ló ń ṣe òrùlé, ṣùgbọ́n obìnrin ló ń lu ilẹ̀. A ó bu ilẹ̀ ọ̀gán, a ó pò ó mọ́ òkúta pupa wẹ́wẹ́ àti ìgbẹ́ màlúù tí a gbà ní gáà àwọn Fúlàní. A ó rẹ èèpo èso igi irú sínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta títí omi náà yóò fi pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ tí ó ti pẹ́. Omi yìí ló ń mú kí ilẹ̀ le. Bí kò bá sí i, erùpẹ̀ lásán ni. Lẹ́yìn náà àwọn obìnrin yóò kúnlẹ̀ ní ìlà, olúkúlùkù pẹ̀lú igi pẹlẹbẹ lọ́wọ́, wọn yóò máa lu ilẹ̀ náà, wọn yóò sì máa fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ láti ògiri ẹ̀yìn títí dé ẹnu ọ̀nà. Wọn kì í dúró. Ẹni tí ó bá rẹ̀ a bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹlòmíràn a gba igi lọ́wọ́ rẹ̀. Yàrá tí a bá bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ náà ni a gbọ́dọ̀ parí rẹ̀, nítorí ibi tí ó ti gbẹ kì í bá ibi tí ó tutù ṣọ̀rẹ́.

Bí àáró oko ni. Wọ́n bá ọ lù, o bá wọn lù. Ẹni tí ó ni ilé ni yóò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ pe àwọn obìnrin láti ojúlé dé ojúlé. Kò gbọdọ̀ rán ọmọdé. Yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò sì fi ẹnu ara rẹ̀ wí pé, “Ẹ bá mi lu ilẹ̀.”

Ìyẹn ni n kò lè ṣe. Láti ìgbà tí mo ti dàgbà tó ẹni tí ń mú igi, Sokodé ni mo wà. N kò lu ilẹ̀ ẹnikẹ́ni rí. Ẹnu wo ni n ó fi pè wọ́n?

Ọjọ́ tí mo dé Kambolé ni mo mú ọkọ́, mo sì hú gbogbo ilẹ̀ yàrá náà láti ìdí ògiri dé ìdí ògiri. Mo sáré ṣe é kí àyà mi má baà já. Nígbà tí mo parí, mo dúró láàárín òkìtì erùpẹ̀ náà, mo sì rí i pé n kò lè dá a padà mọ́. Bí ìyá mi bá wọlé wá báyìí, kì í ṣe kòtò kan ni yóò bá, gbogbo yàrá ti di kòtò.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni àgbà ilé wa. Ìyá Àgbà ni a ń pè é. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú, ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ kan ara ògiri títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà.

“Àwọn wo ni o ti pè?” ó béèrè.

“N kò tíì pe ẹnikẹ́ni, Ìyá Àgbà.”

“Nígbà wo ni wàá pè wọ́n?”

Mo tún mú ọkọ́, mo ń wọ́ erùpẹ̀ náà jọ.

Ó ní, “Ilẹ̀ kì í ṣe àgbo o, tí ènìyàn ń nìkan mu.”

Mo gbọ́, ṣùgbọ́n mo ti ní ọgbọ́n tèmi. Mo pín yàrá náà sí méjì. Mo lu ìdajì kan lọ́jọ́ kan láti àárọ̀ títí apá mi fi ń gbọ̀n, mo sì lu ìdajì kejì ní ọjọ́ kejì. Ó dára lójú. Mo fi òkúta odò ra á, ó ń dán. Ní ọjọ́ kẹta, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ láàárín yàrá, níbi tí iṣẹ́ àná ti pàdé iṣẹ́ òní. Ní ọjọ́ kẹrin, ọwọ́ mi wọ inú rẹ̀. Ibẹ̀ ni igi ìyá mi ì bá há sí.

Mo tún un hú. Mo tún rẹ èèpo irú. Mo pa dà sí gáà lọ gba ìgbẹ́ màlúù, mo ru agbọ̀n kọjá lẹ́yìn ilé àwọn èèyàn kí wọ́n má baà bi mí ní ìbéèrè. Lẹ́ẹ̀kejì yìí mo pinnu pé n ó dá gbogbo rẹ̀ lù ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Mo bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó pe ìrun ìdájí. N kò dúró jẹun. Àwọ̀ ọwọ́ mi bó, mo fi àkísà wé e. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ sí ẹ̀yìn igi máńgòrò. Mo ti parí rẹ̀! Mo jókòó síta, mo ń rẹ́rìn-ín èmi nìkan.

Ìgbà náà ni mo gbójú sókè, mo rí i pé ìhà ọ̀nà Bago ti ṣú dúdú. Kò tíì tó àkókò òjò, ṣùgbọ́n òjò àkọ́kọ́ kì í béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òrùlé yàrá ìyá mi sì ń jò ní ibi mẹ́ta. Bí omi bá kán sórí ilẹ̀ tí kò tíì gbẹ, yóò dá ihò sí i. Mo sáré kó igi, mo dáná sí ibi mẹ́ta nínú yàrá kí ilẹ̀ náà lè tètè gbẹ.

Atẹ́gùn ni ó jà. Òjò kò rọ̀ rárá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ṣílẹ̀kùn, mo sì bá ilẹ̀ yàrá náà bí ìsàlẹ̀ odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sán wẹ́lẹwẹ̀lẹ, etí rẹ̀ yí sókè bí èèpo iṣu. Mo tẹ ibì kan, ó fọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi.

N kò sunkún. Mo wọlé, mo di ẹrù mi sínú aṣọ, mo sì gba ibi tí ọkọ̀ ti ń gbéra lọ sí Tchamba, tí ó wà lọ́nà Sokodé. Mo ti rò ó tán. N ó dé Sokodé, n ó padà sídìí abọ́ kókó, n ó ní kí ìyá mi dúró sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀. Ní ọ̀nà, mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀: “Ìwọ?”

Awakọ̀ tí ó máa ń kó iṣu wa lọ sí Sokodé ni mo bá níbẹ̀, ó ń so ẹrù.

“Ọlọ́run ló rán ọ wá,” ó ní. “Ìyá rẹ ní kí n rí ọ. Ọkùnrin tí ń to eegun ti yọ̀ǹda rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ bá mi bọ̀ lọ́jọ́ Àtìní, kì í ṣe ti ọ̀túnla, èyí tí ó tẹ̀ lé e. Ó ní kí n bi ọ́ pé ilẹ̀ ti dé ibo. Ó ní bí kò bá tíì ṣeé rìn, kí o sọ òótọ́, òun yóò mọ bí òun yóò ti ṣe.”

Ẹrù mi wà lórí mi. Ó rí i, kò sì béèrè ohun kan.

“Sọ fún un pé kí ó máa bọ̀,” mo ní.

“Ilẹ̀ ti parí?”

“Ó kù díẹ̀.”

Irọ́ gbáà ni. N kò mọ ibi tí ó ti jáde. Mo yí padà pẹ̀lú ẹrù mi, ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni mo sì ní. Nígbà tí mo dé ilé, mo tún mú ọkọ́.

Lọ́jọ́ kejì ni mo jáde lọ pe àwọn obìnrin. Mo kọ́kọ́ lọ sí ilé èyí tí mo bẹ̀rù jù, nítorí bí òun bá gbà, àwọn yòókù yóò gbà. Òun ni ó máa ń dá orin nígbà tí a bá ń lu ilẹ̀. Olórin ni gbogbo Kambolé ń pè é, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ó ń gún ata, àwọn obìnrin méjì jókòó tì í.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá.”

“Ta nìyẹn? Háà! Màdáàmù Sokodé! Ṣé símà tí ẹ fi ń ṣe ilẹ̀ ti tán ní Sokodé ni, tí o fi wá ń jẹ erùpẹ̀ pẹ̀lú wa?”

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Mo wo ilẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́ . . . Ìyá . . .”

“Sọ̀rọ̀ sókè. Mo ti dàgbà, etí mi kì í gbọ́ ti ẹyẹ mọ́.”

“Ẹ bá mi lu ilẹ̀.”

“Ilẹ̀ ta ni?”

“Ti ìyá mi.”

Ó gbé ọmọ odó sílẹ̀. “Ilẹ̀ ta ni ìwọ ti lù rí?”

Mo ti ro ìdáhùn méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀ ní ọ̀nà, gbogbo rẹ̀ sì fò lọ. “N kò lu ti ẹnikẹ́ni rí, Ìyá.”

“Ó kúkú sọ òótọ́,” ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ní.

Olórin ní, “A ti ń gbọ́ ìró igi rẹ láti ọjọ́ yìí. Tó, tó, tó, bí ẹyẹ àkókó tí ó ṣìnà. Àwa jókòó síbí, a ń wò ó. A ní, ṣé ọmọ yìí yóò pè wá ni, àbí yóò lu ara rẹ̀ pa? Ẹnìkan kì í lọ lu ilẹ̀ tí wọn kò pè é sí, ìwọ̀sí ni fún onílé. Ìgbà wo ni?”

“Àlàmísì, Ìyá.”

“A ó rí i,” ó ní, ó sì gbé ọmọ odó rẹ̀.

Ojúlé mọ́kànlá ni mo dé lọ́jọ́ náà. Ní ojúlé kan mo dúró títí àwọn ará ilé fi rò pé iná ni mo wá fọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn dáhùn bí Olórin ti dáhùn: “A ó rí i.” Bí mo bá dùbúlẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ń yẹ̀ wò. Ṣé wọn yóò wá ni? Ṣé ọ̀nà tí wọ́n fi ń sọ pé àwọn kò ní wá nìyẹn?

Ní Àlàrùba, ọjọ́ tí ó ṣáájú Àlàmísì tí mo dá fún wọn, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, mo tẹ́ gbogbo erùpẹ̀ náà sínú yàrá, mo sì da omi èèpo irú sí i kí ó mu ún di ọ̀la. Mo ń fi ẹsẹ̀ pò ó lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ agogo oníkéde. Ọ̀gá ńlá kan ń bọ̀ láti Lomé. Gbogbo obìnrin tí ó lè jó ni kí ó múra, kàmíọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù ńlá, yóò wá kó wọn lọ sí Tchamba ní òwúrọ̀ ọ̀la. Kí wọ́n wọ aṣọ ẹgbẹ́ òṣèlú, èyí tí wọ́n pín. Ẹni tí wọn kò bá rí, wọn yóò kọ orúkọ rẹ̀.

Ní àkókò yẹn, kò sí ẹni tí ó ń béèrè ohun tí wọ́n ń kọ orúkọ fún.

Mo dúró láàárín ẹrẹ̀ náà. Ó ti dé ọrùn ẹsẹ̀ mi. N kò lè kó o jáde mọ́, n kò sì lè dá a lù. Bí a bá sì fi í sílẹ̀ di ọ̀túnla, yóò ti le ní òkìtì-òkìtì.

Nígbà tí mo kírun ìdájí tán, mo mú igi, mo wọ inú yàrá, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu igun ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì. Mo mọ̀ pé kò bọ́gbọ́n mu. Mo ti ṣe é rí, mo ti rí ohun tí ó gbẹ̀yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò lè jókòó. Mo ti lu ibi tí ó tó ẹní kan nígbà tí kàmíọ̀ fọn fèrè lójú títì.

Ìyá Àgbà ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. “Fi í sílẹ̀. Kó àpò tútù bo ìyókù, kí o gbé omi sún mọ́ mi. Ẹni tí kò lè jó lè wọ́n omi.”

“Ẹ kò ní ríran, Ìyá Àgbà.”

“Ọwọ́ mi ń ríran. Lọ kí wọ́n má kọ orúkọ rẹ.”

Ní Tchamba, wọ́n tò wá sójú oòrùn. Nítorí pé mo ga, wọ́n fà mí sí ìlà iwájú, èmi tí n kò lè dúró níwájú oníbàárà kókó. A ń kọrin, “Ta ló ń bọ̀? Ta ló ń bọ̀?” ṣùgbọ́n ẹni tí ń bọ̀ kò dé. A jókòó, wọ́n ní kí a dìde. A kọrin, wọ́n ní kí a sinmi. Oòrùn dé àárín orí. Ojú oòrùn yẹn kan náà ni ó wà lórí òrùlé ìyá mi, mo ń fojú inú wò ó bí ó ti ń fa omi kúrò nínú ilẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ àwọn ọ̀gá dé nígbẹ̀yìn, a jó. Mo ń ṣi ẹsẹ̀ gbé. Ọkùnrin tí ń tò wá fi igi tọ́ mi ní ẹ̀yìn, ó ní kí n rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ti pe ìrun ìrọ̀lẹ́ kí kàmíọ̀ tó gbéra. Ó ti rẹ gbogbo obìnrin.

“Ẹsẹ̀ mi o! Bí mo bá délé, kí ẹnikẹ́ni má pè mí.”

“Èmi, omi gbígbóná ni, mo sùn.”

“Ìwọ tí ìyálé rẹ yóò ti gbé ìkòkò ka iná dè ọ́!”

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tí ó rántí Àlàmísì. Mo ń wo Olórin. Ó ti gbé orí lé ògiri kàmíọ̀, ó di ojú. Mo ní n ó sọ ọ́ nígbà tí a bá kọjá odò, a kọjá odò. Mo ní n ó sọ ọ́ nígbà tí a bá rí igi àràbà tí ó wà lẹ́bàá ọ̀nà, a kọjá igi àràbà. Nígbà tí mo rí òrùlé mọ́sálásí wa, ìbẹ̀rù mìíràn bò mí, ó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, mo sì dìde dúró nínú kàmíọ̀ tí ń jó lórí ọ̀nà gbágungbàgun.

“Ẹ̀yin ìyá mi!” Ohùn náà kò jọ tèmi. “Ilẹ̀ mi ń gbẹ! Ẹ jọ̀ọ́! Àtìní ni ìyá mi ń bọ̀, bí ó bá ṣubú, ó tán! Ẹ bá mi lu ilẹ̀!”

Mo di irin mú kí n má baà ṣubú.

Olórin la ojú kan. “Ẹ gbọ́ o! Ẹyẹ fọhùn.”

Ẹ̀rín sọ. Ẹnìkan ní, “Ó sì fọhùn ju awakọ̀ lọ!” Olórin ti na ọwọ́, ó ń gbá ara kàmíọ̀ pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́. “Awakọ̀! Má dúró lọ́jà. Já wa sílẹ̀ ní ilé ọmọ yìí.”

Bí wọ́n ti wọ aṣọ ẹgbẹ́ náà ni wọ́n ṣe ká a sí ìbàdí, tí wọ́n kúnlẹ̀. Ìyá Àgbà jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú korobá omi. Gbogbo ibi tí a kò tíì lù ṣì tutù, àfi etí kan lọ́wọ́ ọ̀tún tí ó ti ń funfun. Wọ́n da omi èèpo irú sí i, wọ́n pò ó. Olórin gbé igi. Orin tí a kọ ní Tchamba láti àárọ̀ ni ó dá, ṣùgbọ́n ó ti yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà:

“Ta ló ń bọ̀?”

“Ìyá ló ń bọ̀!”

“Kí ló fi ń rìn?”

“Igi ló fi ń rìn!”

“Ilẹ̀ dán, ẹsẹ̀ má yẹ̀!”

Igi bíi mẹ́jọ ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ilẹ̀ náà ń mì dé inú ikùn mi. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ògiri ẹ̀yìn, wọ́n fi igun tí mo lù sílẹ̀ nítorí ó ti gbẹ, wọ́n sì so tiwọn mọ́ ọn. Èmi náà wà nínú ìlà. “Má yára!” Olórin ń pariwo mọ́ mi. “Ta ló ń lé ọ? Gbọ́ ti ẹgbẹ́ rẹ, kí o tó sọ tìrẹ kalẹ̀!” Nígbà tí wọ́n pe ìrun àṣálẹ́, ìdí wa ti wà ní ìta, igi wa sì ń lu ẹnu ọ̀nà.

Fún ọjọ́ mẹ́ta, mo ń ṣílẹ̀kùn yẹn bí ẹni tí ó ní ọmọ àìsàn nínú yàrá. Mo ń wá ìlà. Ọ̀kan yọ ní igun mi, tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun. Mo fi òkúta odò àti omi irú ra á. Kò fẹ̀ sí i. Mo lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹwàá. Kò fẹ̀ sí i.

Ní Àtìní, wọ́n gbé ìyá mi sọ̀ kalẹ̀. Ó ti rù. Kò kí mi dáadáa, ó kàn ń wo ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó gbé igi rẹ̀ síwájú, ó wọlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi igi náà kan ilẹ̀ bí ó ti ń lọ, tó, tó, ó ń tẹ́tí. Mo tẹ̀ lé e, ọwọ́ mi méjèèjì wà lẹ́yìn rẹ̀ láìfi kàn án. Nígbà tí ó dé igun ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì, ó dúró. Ó tún un kàn.

“Ibí yìí, ìwọ nìkan ló lù ú.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá.”

“Ìyókù ńkọ́?”

“Àwọn ìyá ni.”

“Ta ló pè wọ́n?”

“Èmi ni.”

“Ẹnu rẹ ni o fi pè wọ́n?”

Mo mi orí.

“Mo ní, ẹnu rẹ ni?”

“Ẹnu mi ni, Ìyá.”

Ó wò mí pẹ́. Lẹ́yìn náà ó fi igi tọ́ka sí igun mi. “Tẹ́ ẹní mi síbẹ̀.”

Nígbà tí àkókò ìrun tó, mo wà níta, mo ń pọn omi sínú kẹ́tù fún àlùwàlá. Mo gbọ́ tí igi rẹ̀ dìde. Kò pè mí. Tó. Ó dákẹ́. Tó. Mo di kẹ́tù náà mú. Mo yọjú. Ó ń bọ̀ lórí ilẹ̀ náà, kò di ògiri mú. Nígbà tí ó dé ẹ̀bá ẹnu ọ̀nà, níbi tí kò sí kòtò kankan mọ́, ó gbé ẹsẹ̀ tí ó kán náà sókè gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń gbé e, ó sì nà án síwájú láìwo ilẹ̀. Omi dà sí mi lẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó tẹ ilẹ̀, ó dúró.

“Kí lò ń wò?” ó ní. “Gbé omi wá.”